Àgbọ̀nrín Tí Kò Mọ "Ẹ" Lò

Wọ́n ti háyà bàálù tí yóò gbé Olóyè Akínrìnádé dé ilẹ̀ yìnyín ní òkè àríwá. Ìbọn ti wà nílẹ̀, àgọ́ ti wà nílẹ̀. Èdè tí ẹran yóò fi bẹ̀ ẹ́ nìkan ló kù.

"Yorùbá ni mo fẹ́," ló wí fún Mojírádé, tó ń bá àwọn ọdẹ ṣètò ìrìn àjò.

Mojírádé tẹ ẹ̀rọ. Láti ọ̀hún lọ́nà jíjìn, abo kàríbù, àgbọ̀nrín inú yìnyín tí wọ́n so ẹ̀rọ ògbufọ̀ mọ́ lọ́rùn, fọhùn: "Má pa mí. N ò tíì já ọmọ mi lẹ́nu ọmú."

Olóyè fajú ro. "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ̀ ni mí?"

"Ẹ má bínú, sà." Mojírádé tún un ṣe.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má pa mí."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ẹran tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ọmọ ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń sọ̀rọ̀, sà, àmọ́ kò tíì mọ 'ẹ' lò," ni Mojírádé wí.

"Sọ fún ìyá ẹ̀ kó kọ́ ọ kí n tó dé."

Mojírádé sọ fún un. Ìyá béèrè:

"Tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ ò ní pa á, àbí?"

"A ò ní pa á," ni Mojírádé fi dá a lóhùn, bó ṣe máa ń sọ fún gbogbo wọn. Ó wá yíjú sí olóyè, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ṣé orí méjèèjì lẹ máa gbé kọ́ ara ògiri, sà?"