Bí Annika Ṣe Béèrè Ọjọ́ Kọkàndínlógún

Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n ti ìbéèrè fún iṣẹ́ oṣù Disẹ́ńbà, Annika Brandvold ò sì tíì kọ nǹkan kan. Òun ló wọlé kẹ́yìn nínú àwọn awakọ̀ bàálù ilé iṣẹ́ náà ní Minneapolis. Irinwó ó lé mọ́kànlá ni wọ́n, òun sì ni nọ́ńbà irinwó ó lé mọ́kànlá. Orúkọ ilé ìyá rẹ̀ ló fi wọṣẹ́.

Awakọ̀ tuntun kì í ní ìrìn tirẹ̀. Dídúró ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ṣàìsàn tàbí tí ìjókòó kan bá ṣófo, wọ́n á pè é, á sì lọ. Ọjọ́ tó fẹ́ dúró àti ọjọ́ tó fẹ́ sinmi, orí kọ̀ǹpútà ló ti ń béèrè rẹ̀, lẹ́yìn tí gbogbo ẹni tó ṣáájú rẹ̀ bá ti mú tiwọn tán.

Awakọ̀ mẹ́fà ló jọ háyà ilé tó ń gbé. Dale Krueger, tó ti lo ọdún mẹ́ta níbi iṣẹ́ náà, wà nídìí sítóòfù, ó ń dín ọ̀dùnkún.

"Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ kọkàndínlógún ni mo ń wá," ni Annika wí. "Bàbá mi máa pé ọdún márùndínláàádọ́rin lọ́jọ́ kejì ẹ̀. Mo fẹ́ wà lọ́dọ̀ wọn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Bí ó bá bọ́, kò ní sí irú ẹ̀ mọ́."

"Ara wọn ò yá ni?"

"Ara wọn le."

Dale rẹ́rìn-ín. "Kérésì ku ọjọ́ mẹ́fà, o ń wá ìsinmi! Àwọn àgbà ti gbá gbogbo ẹ̀ lọ. Má wulẹ̀ béèrè ẹ̀. Ọgbọ́n la fi ń sá fún ìpè. Mú bírò."

Ó mú bírò.

"Má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ́ sí pápákọ̀ láago márùn-ún àárọ̀. Igi tó bá sún mọ́ iná ni wọ́n ń kọ́kọ́ tì bọ̀ ọ́. Béèrè ọ̀sán, kó o jókòó sílé. Ẹni tí ò tíì fò náà, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá. Torí náà, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kẹrìndínlógún, kó o ti fò dáadáa kó tó di ọjọ́ yẹn."

"Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré ni mo dúró ńkọ́?"

"Ìrìn ọlọ́jọ́ mẹ́rin ò lè mú ẹ nìyẹn. Àmọ́ àlọ-àbọ̀ ọjọ́ kan á gbé ẹ. Ìyẹn ló tiẹ̀ burú jù, torí Lindqvist." Ó yí ọ̀dùnkún padà. "Ọ̀gá awakọ̀ kan ni. Kì í rẹ́rìn-ín. Tó o bá jókòó tì í, á ní kó o ka ìwé ìlànà bàálù láti orí dé ìdí. Duluth ló ń lọ lọ́jọ́ kọkàndínlógún yẹn gan-an, aago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣì ṣófo. Gbogbo ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀ dáa ti sá. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ pápákọ̀ ni wọ́n á jù sí i lẹ́nu."

"Ṣé wọ́n le tó bẹ́ẹ̀?"

"Ọkùnrin yẹn? Ó lè dá ìyá tó bí i padà sílé ẹ̀kọ́."

Annika kọ aago náà sílẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá rẹ̀ pè é. "Má bẹ ẹnikẹ́ni nítorí mi o. Mi ò bẹ̀bẹ̀ rí. Èyí tó bá kàn ẹ́ ni kó o gbà."

"Mo ti gbọ́, sà."

Nígbà tí èsì jáde, Dale ló kọ́kọ́ pariwo.

"Àbúrò! Kí lo ṣe yìí? Ọjọ́ kọkàndínlógún, aago márùn-ún àárọ̀, pápákọ̀! Ọjọ́ kan péré! O ò sì ní fò rárá ní ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú ẹ̀. Orúkọ ẹ ló wà lókè pátápátá! Gbogbo ohun tí mo sọ fún ẹ lo dorí ẹ̀ kodò."

"Mo rí i."

"Pè wọ́n! Sunkún sí wọn létí!"

"Wọn kì í yí i padà."

"Ìwé ni wọ́n kọ́ ẹ, wọn ò kọ́ ẹ lọ́gbọ́n."

Ní ọjọ́ kejìdínlógún, Annika lọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó yan kéèkì kékeré kan, ó wé e, ó sì kì í bọ báàgì tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́.

"O ṣì ń retí?" ni Dale béèrè.

"Mò ń retí."

Yìnyín ń bọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn méjì péré ló dúró ní yàrá awakọ̀ ní pápákọ̀, òun àti Trevor Oakes. Fóònù Annika wà lórí itan rẹ̀. Kò lè mu kọfí tó bù.

Aago márùn-ún kọjá ogójì ìṣẹ́jú, fóònù náà dún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Annika, ẹnìkan ń ṣàìsàn. Fargo, ọlọ́jọ́ mẹ́rin," ni obìnrin tó ń pín iṣẹ́ wí. "Áà, ọjọ́ kan péré lo ní. Má bínú."

Fóònù Trevor ló tún dún. Ó gbọ́ tán, ó ta báàgì rẹ̀ nípàá. "Orí wo ni mo gbé wáyé! Ìwọ ni wọ́n kọ́kọ́ pè!" Ó fa báàgì náà jáde.

Annika mí kanlẹ̀.

Aago mẹ́fà lù. Kò sí ìpè. Ó wo yìnyín, ó wo fóònù, ó tún wo yìnyín. Nígbà tó di mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó dún.

"Duluth, àlọ-àbọ̀. Ọ̀gá Lindqvist."

"Mo ti ń lọ."

Dale ń wọlé bọ̀ fún iṣẹ́ tirẹ̀, ó rí ojú rẹ̀, ó dúró. "Kì í ṣe Lindqvist?"

"Àwọn ni."

"Yéè! Kéèkì bàbá ẹ sì wà ní báàgì."

"Ẹ bá mi di ìlẹ̀kùn mú, ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀gá Lindqvist ti wà ní ìjókòó òsì, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn. "Ta ni wọ́n wá rán sí mi," ló wí, "lọ́jọ́ ìkẹyìn mi lẹ́nu iṣẹ́, kí òfin tó ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ yìí mọ́?"

Annika jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó de bẹ́líìtì, ó gbé kéèkì náà sáàárín àwọn méjèèjì, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ ìbí ọ̀la, Bàámi, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni."