Ẹ̀kúnwọ́ Iyọ̀ Morjina

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á débi tó parí sí kí ẹ tó sọ pé kò kàn yín.

1.
Opó ni Morjina, ní erékùṣù kan láàárín odò Brahmaputra ní Bangladesh. Tuli, ọmọ ọdún mẹ́rin, nìkan ló bí. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun làwọn obìnrin ń jókòó sórí ẹní lágbàlá Hosne, olórí ẹgbẹ́ wọn, láti gba ẹ̀yáwó. Lẹ́yìn ìyẹn, olùkọ́ wọn, Nilufa, á kọ́ wọn ní ìwé kíkọ, ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn àti ìtọ́jú ọmọ. Àwọn tí kì í lè lanu níwájú ọkùnrin tẹ́lẹ̀ ti ń dúnàádúrà fúnra wọn. Morjina ní tirẹ̀, owó màlúù ló bá wá. Bó bá ti gbà á, ó dìde nìyẹn.

"Morjina, jókòó o! Omi ọmọ tó ń ṣu gbuuru la fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pò lónìí," ni Hosne wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀kọ́ ni màlúù mi máa jẹ ni? Iyọ̀, ṣúgà ìrèké, omi. Mo ti gbọ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń lọ, ó ń gbọ́ ohùn Nilufa lẹ́yìn: "ẹ̀kúnwọ́ kan... ìka mẹ́ta..." Kò bojú wẹ̀yìn.

2.
Lẹ́yìn oṣù méjì, odò ya wọ abúlé, ó bo kànga. Tuli bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu omi. Kó tó di ọ̀sán, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ẹ̀rù ba Morjina gidigidi. Ilé Hosne ò jìnnà, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti lọ béèrè ohun tó ti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rántí ẹ̀kúnwọ́, ó rántí ìka mẹ́ta. Èwo wá ni ti iyọ̀? Ó bu iyọ̀ ní ẹ̀kúnwọ́, ó fi ìka mẹ́ta bu ṣúgà.

"Màámi, ó ń ta mí lẹ́nu."

"Mu ún, ọmọ mi. Oògùn ni."

Òùngbẹ túbọ̀ ń gbẹ ọmọ náà, ìyá rẹ̀ sì tún po òmíràn fún un. Nígbà tí Tuli bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ojú rẹ̀ yí sókè, Morjina figbe ta.

Hosne sáré wọlé. Ó tọ́ omi inú ife wò, ó sì tu ú dànù.

"Kí lo fún un?"

"Ohun tẹ́ ẹ kọ́ wa ni!"

"Iyọ̀ ni ìka mẹ́ta, Morjina! Ṣúgà ni ẹ̀kúnwọ́! O ò jókòó!"

3.
Hosne fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn sọdá. Ìṣàn le, àjẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Tuli, dá mi lóhùn," ni Morjina ń wí ṣáá.

Nílé ìwòsàn, dókítà yẹ ọmọ náà wò, ó gbọ́ bí wọ́n ṣe po omi náà, ó sì fi aṣọ bo Tuli lójú.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìgbẹ́ gbuuru ló pa á?" ni Morjina béèrè.

Dókítà ní iyọ̀ tó pọ̀ jù ló pa á. Hosne gbá Morjina mọ́ra.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ óò ná owó tí wọ́n yá yín tán, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi tì í lẹ́yìn ò ní tán. Bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ohun tẹ́ ẹ ò bá mọ̀, ẹ béèrè, bí ojú tilẹ̀ ń tì yín. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ìyá kan lónìí. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.