Ìkìlọ̀ Tí Ọ̀gbẹ́ni Fákúnlé Kò Gbà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ súnmọ́ ibí, kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní ìlú Òkè-Ọ̀pẹ. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Fákúnlé. Òun ló máa ń gún àwọn aláìsàn ní abẹ́rẹ́ oorun kí dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Àmọ́ kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó bá kéré sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọmọ ọdún mẹ́fà kan wá, Ìbídùn lorúkọ rẹ̀. Ó já bọ́ láti orí igi, apá rẹ̀ sì kán. Dókítà fẹ́ to eegun náà.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀fìnkìn ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ìjẹta, ó sì ń wúkọ́."

Fákúnlé rẹ́rìn-ín. "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Abẹ́rẹ́ oorun tó ń jẹ́ kẹ́tamíìnì ni mo fẹ́ lò. Kì í dá èémí èèyàn dúró."

Nọ́ọ̀sì Móròúnrántí, tí kò tíì lò tó ọdún kan níbẹ̀, rọra sọ pé, "Ọ̀gá, abẹ́rẹ́ yẹn máa ń mú kí itọ́ pọ̀ lẹ́nu, ọ̀fun ọmọ tí ọ̀fìnkìn ń ṣe sì lè fún pa. Ṣé kí n gbé ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ wá?"

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Dúró síbẹ̀ yẹn!"

Ó gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́, oorun sì gbé e lọ. Kò pẹ́ tí dókítà fi di apá náà mú tí ó sì fà á. Lójijì, itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ru jáde lẹ́nu Ìbídùn. Ó mí ẹ̀ẹ̀kan, èémí náà han bí ìgbà tí wọ́n ń fun fèrè. Lẹ́yìn náà, wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àyà rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ò wọlé.

Fákúnlé gbé àgbọ̀n ọmọ náà sókè, ó de ìbomú ọ́síjìn mọ́ ọn, ó ń tẹ báàgì tó wà lára rẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọ inú ọmọ náà. Báàgì náà le bí òkúta. Ètè ọmọ náà ti ń dúdú. Fákúnlé kígbe pé:

"Ẹ̀rọ! Ẹ bá mi gbé ẹ̀rọ náà wá!"

Móròúnrántí ti sáré jáde. Yàrá ìkẹ́rùsí ni ẹ̀rọ náà wà, ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fákúnlé gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ, ó gbọ́ ọ bó ṣe ń bọ̀, ó sì dà bíi pé odidi ọjọ́ kan ló wà láàárín méjèèjì. Nọ́ọ̀sì náà kúnlẹ̀, ó fa itọ́ náà kúrò. Fákúnlé tún de ìbomú, ó tẹ báàgì. Atẹ́gùn ò wọlé. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọ̀fun ọmọ náà dẹ̀, àyà rẹ̀ gbéra, ó wúkọ́, ó sì ké.

Ṣùgbọ́n itọ́ ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Ìbídùn fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ibà àti èémí kíkúrú kí ara rẹ̀ tó yá. Fákúnlé lọ bá ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ sọ fún mi, mi ò gbọ́. Ẹ̀bi mi ni." Ìyá náà sunkún, ó sì padà sídìí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí a má ṣe jẹ́ kí ìmọ̀ wa dí wa létí, pàápàá nígbà tí ẹ̀mí ẹlòmíràn bá wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó ń kìlọ̀ fún wa lè kéré sí wa, ṣùgbọ́n ewu tó rí lè pọ̀ ju agbára wa lọ.