Àgọ́ Tó Fúyẹ́

Àgọ́ méjì ni Fadékẹ́ gbé dé láti Ìkàrẹ́ lọ́sàn-án Sátidé. Safurat tó ń ta ẹrù òkìrìkà ló ní kó kó méjèèjì lọ sílé kó lọ yẹ̀ wọ́n wò, kó sì dá èyí tí kò bá wù ú padà lọ́jọ́ Ajé. Fadékẹ́ sọ fún Lábọ̀dé ọkọ rẹ̀ pé àwọn tíṣà ilé ìwé àwọn ní Ìwàrò-Ọ̀kà fẹ́ gun òkè ní Sátidé tó ń bọ̀, pé orí òkè ni àwọn máa sùn mọ́jú.

Clement ló bá a gbé ẹrù náà wọlé. Òun ni tíṣà eré ìdárayá níbẹ̀, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, àyà rẹ̀ sì gbòòrò bí ilẹ̀kùn. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Lábọ̀dé dáadáa. Nígbà tó nàró tán, ó fi ojú wọ̀n ọ́n láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò. Lábọ̀dé dá a lóhùn, kò dìde. Ó rò ó pé ọmọ yìí ń wo òun bóyá apá rẹ̀ á ká òun bí ọ̀rọ̀ bá di ìjà.

Ojú fèrèsé ló ti ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń pa àgọ́ méjèèjì sí àgbàlá. Ọ̀kan nípọn, aṣọ ìlọ́po méjì ló ní, irin ni òpó rẹ̀, ó sì ju kílò mẹ́rin lọ. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ni ti èkejì, kò tó kílò méjì. Fadékẹ́ da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kọ̀ọ̀kan lé wọn lórí. Kò sí èyí tó jò.

"Èyí tó nípọn yìí ló wù mí," ni Fadékẹ́ wí. "Òjò Ọ́gọ́ọ̀sì kì í ṣe eré."

"Àǹtí, èyí tó fúyẹ́ ni ká mú," ni Clement fèsì. "Ẹrù gidi tí mo máa gbé gun òkè yẹn kò ṣe é dín kù. Àgọ́ nìkan la lè dín."

Fadékẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Lábọ̀dé kò rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ó rí i tó wọ inú àgọ́ fífúyẹ́ náà, tó dùbúlẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Clement bẹ̀rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà àgọ́, ó bi í bóyá á gba ẹni méjì.

"Tí a bá fún mọ́ra," ni obìnrin náà dáhùn láti inú.

Lábọ̀dé jowú gidigidi. Ọdún kọkàndínlógún rè é tí òun àti Fadékẹ́ ti fẹ́ ara wọn, ó sì ti lé lọ́dún kan tó ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn nínú ilé náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò san án rárá. Fadékẹ́ a máa fọhùn jẹ́jẹ́ lórí fóònù ní ilé ìdáná, bí ọkọ rẹ̀ bá ti wúkọ́, a dákẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, Clement a gba iwájú ilé wọn kọjá sọ́nà òkè, a pọn àpò ìrẹsì tí ó rọ iyanrìn kún sẹ́yìn, a máa làágùn. Lábọ̀dé gbà pé ó ń fi agbára rẹ̀ han Fadékẹ́ ni.

Ọjọ́ tí wọ́n yàn ló tún dùn ún jù. Alẹ́ Sátidé yẹn ni ọkùnrin tó dàgbà jù nínú ẹbí Lábọ̀dé máa ń sun orí òkè, níbi tí òkúta ilé àwọn bàbá ńlá wọn ṣì wà, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí tó fi iṣu tuntun kan ẹnu. Òun ni àgbà wọn. Lọ́dún tó kọjá, Ògúnmọ́lá àbúrò rẹ̀ ló lọ sùn dípò rẹ̀, láti ìgbà náà ni Lábọ̀dé ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ̀rọ̀ òkè sí òun létí mọ́. Alẹ́ yẹn gan-an ni ìyàwó rẹ̀ wá yàn láti bá ọmọkùnrin lọ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Fadékẹ́ dá àgọ́ tó nípọn padà fún Safurat. Ó gbé èyí tó kù lé ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Ẹ gbé e wò. Ṣé kò fúyẹ́?"

Lábọ̀dé ní ó fúyẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, Fadékẹ́ bu omi ìfárùngbọ̀n fún un, ó gbé abẹ àti dígí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì sáré lọ sí Arigidi lọ rí ìyá rẹ̀. Àgọ́ náà wà lórí tábìlì, níbi tí ọwọ́ tó. Lábọ̀dé fá irùngbọ̀n rẹ̀ tán. Ó tú àgọ́ náà, ó wá ojú rírán tó wà ní òrùlé rẹ̀, ó fi abẹ là á ní ìwọ̀n apá kan, ó sì ká a padà bó ṣe bá a. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń dì í. Kí òjò lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti fún mọ́ra.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ojú ọ̀run ṣú níhà Ìkàrẹ́. Clement dé pẹ̀lú ọ̀já fífẹ̀ méjì. Ògúnmọ́lá tẹ̀ lé e wọlé, ó gbé iṣu tuntun kan dání. Fadékẹ́ kúnlẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ayọ̀bámi, irọ́ ni mo pa fún yín. Kò sí tíṣà kankan tó fẹ́ gun òkè. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ ọ́, ẹ máa ní rárá ni. Ògúnmọ́lá ní òun ò sun ibẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹ̀yin wà láyé. Èmi àti ẹ̀yin la jọ máa sùn síbẹ̀. Ẹ má wo ti òjò, a ní àgọ́."

Lábọ̀dé wo àgọ́ tó wà lórí tábìlì.

Clement kọ ẹ̀yìn sí àga onítáyà tí Lábọ̀dé jókòó sí, ó bẹ̀rẹ̀, Fadékẹ́ sì gbé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ méjèèjì tí kò tíì tẹ ilẹ̀ láti ọjọ́ tí ọ̀kadà ti gbá a lọ́dún tó kọjá, ó fi wọ́n gba ìbàdí ọmọkùnrin náà, ó fi ọ̀já gbà á mọ́ ọn lẹ́yìn dáadáa, ó wá gbé àgọ́ náà lé Lábọ̀dé lọ́wọ́, ó ní kó bá àwọn dì í mú, ó ṣáà fúyẹ́.