Àdírẹ́sì Tí Wọn Ò Yí Padà

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé "mo ti wò ó" nígbà tí ẹ ò wò ó, ta lẹ rò pé ẹ ń tàn? Ẹ jókòó, ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ọkùnrin kan wà níléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pè é. Níbẹ̀, bí ẹnì kan bá kọ ètò, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Iṣẹ́ tiẹ̀ nìyẹn. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wá kọ ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń gba ìròyìn lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù.

Bí wọ́n ṣe là á yé mi nìyí: ibi tí ìròyìn ń dé sí nínú kọ̀ǹpútà ní àdírẹ́sì méjì, èyí tí ará ilé fi ń pè é àti èyí tí àlejò lè fi mọ̀nà. Àlejò ni ẹ̀rọ yẹn. Bí ẹ ò bá yí tilé padà sí tàlejò, ilé onílé ló máa já ẹrù sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo ibi àdírẹ́sì yẹn dáadáa. Kò dá mi lójú."

"Ṣé ó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà wa?"

"Ó ṣiṣẹ́."

"Kí lo tún ń wá? Àbí o fẹ́ kó jó fún ọ ni?"

Ó fọwọ́ sí i, ó lọ jẹun.

Ẹ wò ó, kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni tọ̀dọ̀ wọn. Àdírẹ́sì méjèèjì bára mu níbẹ̀. Ti ọsibítù tí wọ́n gbé ètò yẹn lọ ò rí bẹ́ẹ̀.

Àìsàn dá ìyá Ojú Àwòdì dúbúlẹ̀. Ní ọsibítù yẹn kan náà, wọ́n so ẹ̀rọ yẹn mọ́ ọn láyà. Ìròyìn tuntun ń lọ síbi tẹ́nikẹ́ni ò wò. Nọ́ńbà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ló ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà.

"Màmá ń sinmi," nọ́ọ̀sì tó wo nọ́ńbà yẹn wí, ó sì kọjá.

Ọwọ́ ìyá ti ń tutù. Nọ́ńbà yẹn ò yẹ̀. Nígbà tí dókítà fi máa dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fọwọ́ sí ohun tí ẹ ò kà. Ẹni tó bá ní kò dá òun lójú, ẹ dá a lóhùn. Ìròyìn ò tó àfojúbà.

Wọ́n sin ìyá tán, wọ́n ní ètò iléeṣẹ́ rẹ̀ ló gbé ìròyìn sọnù, ni Ojú Àwòdì bá padà síbi iṣẹ́, ojú ẹ̀ pọ́n.

"Ẹni tó jẹ́ kí ètò yẹn jáde, ẹ dárúkọ ẹ̀ fún mi."

Ọmọbìnrin yẹn dorí kodò, ó ń sunkún. Ọ̀gá wọn ló rọra ti ilẹ̀kùn.

"Ìwọ ni, Ojú Àwòdì."