Wọ́n Lọ Sin Màmá Sígbó

Inú yàrá rẹ̀ ni Màmá ní kí a sin òun sí. Ṣùgbọ́n ilé tí sàréè bá wà nínú rẹ̀ kì í tà bọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ Oyèdòkun ẹ̀gbọ́n mi, tí Màmá nìkan máa ń pè ní Àlàmú, ti rí ẹni tí yóò ra ilé náà. Ló bá ní igbó ìrántí ni kí a gbé e lọ, níbi tí wọ́n ti ń sin òkú láìsí pósí, tí wọ́n á sì gbin igi lé e lórí. Ó ní kí ilẹ̀ má baà bàjẹ́ ni. Ẹni tí kò gbin ilá rí! Àgbálùmọ̀ ni wọ́n gbìn lé Màmá lórí; èmi ni mo so pátákó orúkọ rẹ̀ mọ́ ọmọ igi náà lọ́rùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí a lọ kó ẹrù tó kù nílé, a gbọ́ tí ẹnìkan ń gbálẹ̀ nínú yàrá Màmá. Àgádágodo ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Bùọ̀dá, ẹ má ṣí i."

"Eku ni."

"Eku ń gbálẹ̀?"

Ó ṣí i. Ọyẹ́ ń jà lóde, ṣùgbọ́n òórùn ilẹ̀ tútù ló kọlù wá. Sìmẹ́ǹtì àárín yàrá ti là. Ọmọ igi àgbálùmọ̀ kan ló yọ níbẹ̀, pátákó mi sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìbínú gbá ewé rẹ̀ mú, ó fẹ́ fà á tu.

Ohùn kan dáhùn lábẹ́ sìmẹ́ǹtì, jẹ́jẹ́:

"Àlàmú, rọra. Irun mi lò ń fà yẹn."