Àdúgbò Wa Ti Bọ́ Sọ́wọ́ Gbẹ̀dẹ̀ FM

Lánàá ni Gbẹ̀dẹ̀ FM ra àdúgbò wa mọ́ Ìlànà FM lọ́wọ́. Láàárọ̀ yìí, bí mo ti ń po ẹ̀kọ mímu, rédíò ara ògiri bá ilé wa sọ̀rọ̀, bó ti ń bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yí padà. Kò ka ìròyìn. Ẹ̀fẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá Oyèníkẹ, ẹ kú ojúmọ́ o! Ìyá Oyèníkẹ ńkọ́? Àbí wọ́n ṣì ń nara lórí ibùsùn?"

Mo dúró tèmi ti ṣíbí lọ́wọ́. Ọdún tó kọjá la sin ìyàwó mi. Ìlànà FM mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti pe orúkọ rẹ̀ mọ́.

Kò pẹ́ tí Adégòkè, òṣìṣẹ́ Ìlànà FM, fi pè mí lórí fóònù.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ gbọ́ bí àwọn aláìmọ̀kan yẹn ṣe ń kí òkú? Ìwé orúkọ àtijọ́ ni wọ́n rà! Ẹ kọ̀ wọ́n kó tó di ọ̀sán, òfin gbà yín láàyè. Àwa mọ̀ pé Màmá ti lọ."

Mo ní, "Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kò fi ní padà sọ́dọ̀ yín."

Rédíò tún dá sí i: "Ìyá Oyèníkẹ, orin wo ni ká fi jí yín?"

Mo dárúkọ èyí tí ìyàwó mi fẹ́ràn, tí èmi kò fẹ́ràn rí. Bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń bá a dáhùn nígbà tí pákò bá wà lẹ́nu rẹ̀.